Ọ̀rọ̀ Tí Màmá Sọ sí Etí Ìwé Òyìnbó

Òkè-Àfà, Ìsọlọ̀,
Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Adémidé, àbúrò mi,

Mo kí ọ. Ṣé òtútù Lẹ́sítà, nílùú Ọba níbẹ̀, kò tíì wọ̀ yín lára? Lẹ́tà ni mo kọ, mo fi í ránṣẹ́ lórí ímeèlì, nítorí pé lórí fóònù, bí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tìrẹ máa ń bàjẹ́. Lẹ́tà kì í já.

Ohun tó bàjẹ́ nìyí, àti àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tí a gbẹ̀bí rẹ̀ nílé ìgbẹ̀bí Màmá ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Keje kò lè gbọ́ ìró. Tiwaladé lorúkọ rẹ̀. Sàfúrátù ará Ìkìrun ni ìyá rẹ̀. Kọ́láolúwa tó ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ní Èjìgbò ni bàbá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò ní ọsibítù, wọ́n ní kò sí ohun tó ń wọlé. Èmi mọ̀. Morọ́lá mọ̀. Màmá kò mọ̀, kò sì ní mọ̀.

Ibà pọ́njú ló ṣe é, èyí tí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ń pè ní jọ́ńdíìsì. Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n bí i ni Sàfúrátù gbé e padà wá, ó ní ọmọ òun ń sùn jù, kò sì fẹ́ mu ọyàn. Morọ́lá, nọ́ọ̀sì wa, ló wà lẹ́nu iṣẹ́. O mọ̀ pé ọdún tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ níbòmíràn, Màmá kọ́ ló kọ́ ọ. Ó ṣí ìwé, ìwé tuntun tí o fi ránṣẹ́. Ìwé ní kó wo ara ọmọ bóyá ó ti di àwọ̀ ìyeyè. Ó wo ara ọmọ. Ọmọ adúláwọ̀ ni, kò rí nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n máa gbé e síta fún oòrùn àárọ̀. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e dé ọsibítù ìjọba pẹ̀lú gìrì. Wọ́n rí ẹ̀mí rẹ̀ gbà là. Wọn ò rí etí rẹ̀ gbà.

Inú àpótí aṣọ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ni Sàfúrátù ti kó aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ fún un, káńfọ̀ sì wà láàárín aṣọ náà bí ẹni fi iyọ̀ sẹ́ran. Kò sí ìyá ní Òkè-Àfà tí kò ní irú àpótí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í. Dókítà ọsibítù ló wá bi í níkẹyìn: "Ìyá ọmọ, ṣé ẹ fi káńfọ̀ sáṣọ ọmọ yìí ni? Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mìíràn kì í gbà á, pàápàá ọmọkùnrin." Mo dúró tì wọ́n níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ lẹ́nu Màmá. Ó tún wà nínú ìwé rẹ̀, ìwé ńlá aláwọ̀ ewé tí nọ́ọ̀sì òyìnbó kan kọ, èyí tó fi kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Kò sí nínú ohun tí òyìnbó tẹ̀. Etí ìwé ló wà, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ìwé yẹn kò sí lórí pẹpẹ wa mọ́. Ìwọ mọ̀, nítorí ìwọ lo ní ká kó o kúrò. Èmi náà mọ̀, nítorí èmi ni mo kó o.

O rántí oṣù Kejì? O ní àpótí ìwé méjì ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ yín ní yunifásítì, àdéhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò máa gbára lé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ènìyàn dúdú kọ, kí a kó ti òyìnbó kúrò lórí pẹpẹ. Mo bi ọ́ pé, "Ṣé àwọ̀ òǹkọ̀wé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kà ni, àbí ohun tó kọ?" O fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́ sí mi.

Mi ò ní di gbogbo rẹ̀ rù ọ́. Wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ ìṣòwò pé iṣẹ́ tó bá sùn ló ń díbàjẹ́, mo sì gbà á gbọ́ jù. Àbámẹ́ta kan ṣoṣo ni mo fi ṣe é. Mo ń ka orúkọ òǹkọ̀wé, Morọ́lá ń kó ìwé. Orúkọ òyìnbó, sápò. Orúkọ wa, sórí pẹpẹ. Mi ò ṣí ẹyọ kan. Aago méjì ọ̀sán a ti parí, mo tún ń yangàn pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wákàtí mẹ́rin ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò pọ̀. Ta ló yan ìwé tuntun náà? Ṣé ó kà á? Kí ló wá kà á sí?

Fèsì kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Oyinkán.


Lẹ́sítà,
Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Oyinkán,

Ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú ìdúró ti Màmá. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin, mo lo ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹ má bínú. Ìgbà mẹ́rin ni mo kọ lẹ́tà yìí tí mo pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ Tiwaladé wọ̀ mí lára. Ẹ bá mi kí ìyá àti bàbá rẹ̀, bí wọ́n bá ṣì ń fẹ́ gbọ́ orúkọ wa.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹ ní ṣé àwọ̀ òǹkọ̀wé ni akẹ́kọ̀ọ́ máa kà. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi níbí, wọ́n fún wa ní àádọ́ta ìwé lórí ìlera aláboyún ní Áfíríkà. Mo ka orúkọ àwọn tó kọ ọ́ látòkè délẹ̀, kò sí ẹyọ ọmọ Áfíríkà kan. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wa bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àga tó wà nínú yàrá. Mo nawọ́ sókè, mo ní ìyá mi ti gbẹ̀bí fún ogójì ọdún, ohun tí wọ́n kọ yìí kọ́ ló ń sọ. Olùkọ́ bi mí pẹ̀lú sùúrù pé, "Níbo ni wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ jáde?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo wọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń bú yìí.

Àti ìwé aláwọ̀ ewé tí ẹ ń dárò. Ẹ ti gbàgbé ohun tó wà níbẹ̀? Òyìnbó yẹn kọ ọ́ pé àwọn obìnrin dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora ìrọbí lára, pé ara wọn le ju ti àwọn obìnrin òyìnbó lọ. Ìwé tí ìyá wa fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa rèé! Tí nọ́ọ̀sì kan bá gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, tí aláboyún ń ké tí kò dá a lóhùn ńkọ́? Ta ló máa ka iye àwọn tí ìyẹn ti pa? Ẹ ò lè ní kò sí ohun tí àwọ̀ òǹkọ̀wé ṣe nínú ìyẹn.

Ẹ bi mí bóyá mo ka ìwé tuntun. Mo ka orúkọ Ọ̀mọ̀wé Ilésanmí tó kọ ọ́. Mo ka àkọ́sọ rẹ̀, ó dùn púpọ̀. Mi ò ka orí tó sọ nípa ibà pọ́njú. Òtítọ́ nìyẹn.

Nǹkan méjì ni mo bẹ̀ yín sí. Èkíní, kíkó kúrò lórí pẹpẹ ni mo wí. Mo mọ̀ pé inú yàrá ẹ̀yìn ni ẹ kó wọn sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ìwé Màmá jáde kí ẹ ya fọ́tò gbogbo etí ojú ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni màá fi ṣe é.

Èkejì, ẹ kọ ọ́ pé Màmá kò mọ̀, kò sì ní mọ̀. Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn? Bí mo bá pè, ẹ ó ní ó ń sùn. Báwo ló ti pẹ́ tó tí Màmá ti ń sùn báyìí?

Àbúrò yín,
Adémidé.


Òkè-Àfà,
Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Adémidé,

Lẹ́tà rẹ dé. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé.

Ìwé kò sí nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo tà á. Ọjọ́ náà gan-an ni mo pe àwọn tó ń ra ìwé àlòkù ní Bọ́ládé, wọ́n gbé òṣùwọ̀n wá, wọ́n wọ̀n ọ́n bí ẹja. O ní "kó kúrò." Níbí, ohun tí a bá kó kúrò, ó ti kúrò nìyẹn. Ta ló ní yàrá tó fẹ́ fi tọ́jú ohun tí wọ́n ní kò wúlò?

Lánàá mo lọ sí Bọ́ládé fúnra mi. Mo bá ìyá kan tó ń fi ewé ìwé wé ẹ̀pà. Mo ní ìwé nọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé ni mò ń wá.

"Ìwé? Ìwé tó wà lọ́dọ̀ mi níbí ju ti yunifásítì lọ. Ìgbà wo lẹ tà á?"

"Oṣù Kẹta."

"Oṣù Kẹta! Àǹtí, ẹ̀pà tí wọ́n fi wé, wọ́n ti jẹ ẹ́, wọ́n ti yà á, òjò ti gbé e lọ." Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá rí ojú mi. Ó bu ẹ̀pà fún mi, ó ní kí n má sunkún, ìwé ṣáà ni.

Mo délé, mo ní kí wọ́n fa pẹpẹ kúrò lára ògiri bóyá ohun kan jábọ́ sẹ́yìn. Ewé ìwé Màmá kan ṣoṣo la rí, èyí tó ti já kúrò tipẹ́. Gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀: ojú ewé ìrora ìrọbí gan-an ni, èyí tó ń bí ọ nínú. Òyìnbó ń sọ̀rọ̀ àwa èèyàn dúdú, ó ní "àwọn obìnrin wọn" kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora. Ní etí rẹ̀ ni pẹ́ńsùlù kọ ọ́ pé: "Irọ́ ni. Wọ́n ń mọ̀ ọ́n lára. Wọn kò kàn pariwo lójú rẹ ni."

Mo gbé ìwé tuntun tì í, ìwé Ọ̀mọ̀wé Ilésanmí tí àkọ́sọ rẹ̀ dùn. Gbólóhùn òyìnbó yẹn wà níbẹ̀, Adémidé. Ó dà á kọ láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni "àwọn obìnrin wọn." Ó sọ ọ́ di "àwọn obìnrin wa." Pẹ́ńsùlù ni kò rí dà kọ.

Wo ọwọ́ tó kọ pẹ́ńsùlù yẹn dáadáa. Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ sí i. Ṣé o mọ̀ ọ́n? Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojú Màmá ti ń ṣókùnkùn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un, o máa ń ti ilé ẹ̀kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó dé nígbà ọlidé, o máa ń ka ìwé sókè fún un, òun á máa sọ, ìwọ á máa kọ. Kò sí lẹ́tà "j" ẹlòmíì tó ní ìrù bí ti ọ̀bọ báyẹn.

Màmá ńkọ́? Ìgbàgbé ti mú Màmá. Ọdún kejì rèé. Mo fi í pamọ́ fún ọ nítorí ìdánwò rẹ, mo rò pé bí o bá parí màá sọ. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mo gbà á. Ó mọ̀ mí láàárọ̀, nígbà mìíràn. Lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì tuntun ni mo jẹ́, á ní kí n wẹ ọwọ́. Mo ti bi í léèrè ohun tó wà ní etí ìwé náà. Á ní, "Ẹ lọ bi Adémidé, òun ló kọ ọ́."

Nítorí náà mo ń bi ọ́. Kí lo rántí?

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Oyinkán.


Òkè-Àfà,
Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Bùrọ́dá Adémidé,

Èmi Morọ́lá ni mo ń kọ ọ́, ẹnu Màmá ló ti ń jáde. Wọ́n jí dáadáa lónìí, wọ́n ní kí n mú bírò wá. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Àkànmú ọmọ mi, ọkọ mi. Ṣé wọ́n ń fún yín lóúnjẹ ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn? Sọ fún tíṣà yín pé màá rán gààrì wá bí ẹnìkan bá ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Má jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Ìwé mi ṣì wà lórí tábìlì, mi ò tíì rí ẹni kà á fún mi. Orí kẹtàlá la dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò lè kà á, ó ń sáré jù. Ó máa ń ka ọ̀rọ̀ bí ẹni ń lé bọ́ọ̀sì.

O bi mí níjọ́sí kí ló dé tí mò ń lo ìwé obìnrin òyìnbó yẹn bí ó bá purọ́ mọ́ wa. Mo ti rò ó. Kò purọ́ tán. Ohun tó rí ló kọ, ara àwọn èèyàn tirẹ̀ ló rí. Kò rí wa. Ẹni tí kò rí ọ, o ò ní bá a jà, o máa fà á létí aṣọ ni, o máa ní, "Máà, ẹ wò ó, èmi náà wà níbí." Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí o kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Kí wọ́n lè rí àwa méjèèjì papọ̀.

Kọ ọ́ kí ó hàn. Kì í ṣe fún mi. Ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa kà á.

Tètè dé. Ojú mi ò ríran.

Bùrọ́dá, ibẹ̀ ni wọ́n dúró, wọ́n wá bi mí ta ni mò ń kọ̀wé sí. Èmi ni mo sọ fún Ìyá Tiwaladé kí wọ́n máa lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ẹnì kankan ò tíì na ìka sí mi. Ì bá sàn kí wọ́n nà án.

Morọ́lá.


Lẹ́sítà,
Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi dákẹ́. Ẹ pè, mi ò gbé e. Mo rí i pé ẹ ń pè.

Ọwọ́ mi ni. Ìrù ọ̀bọ yẹn, tèmi ni. Mo tẹ fọ́tò náà jáde, mo fi sára ògiri, mo sì ní láti yọ ọ́ nítorí mi ò lè jẹun níwájú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mo ní kí ẹ kó ìwé yẹn kúrò, pẹ́ńsùlù yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Mi ò kà á sí ìwé. Iṣẹ́ tí Màmá ń fi dí mi lọ́wọ́ kí n má bàa lọ gbá bọ́ọ̀lù ni mo kà á sí. Mo ń wá òǹkọ̀wé dúdú kiri gbogbo ilé ìkàwé ìlú yìí, mo ń fi ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ tò wọ́n lórúkọ, mo sì ní kí wọ́n kó èyí tó bí mi kúrò lórí pẹpẹ.

Mo ka ìwé Ilésanmí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin báyìí. Bí ẹ ṣe wí ló rí. Mo sọ fún ẹgbẹ́ wa. Àwọn kan ní kí a má pariwo, pé àwọn ọ̀tá á fi rẹ́rìn-ín. Mo ti kúrò níbi tí wọ́n ti ń yan ìwé.

Mo jókòó láti rántí. Mo rí mọ́kànlá. Fún ibà pọ́njú: "Má wo ara. Mú un lọ síbi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, wo funfun ojú, wo èrìgì, wo àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀." "Gbóòórùn aṣọ ọmọ. Bi ìyá rẹ̀ nípa káńfọ̀." "Oòrùn kì í wò ó sàn, má tan ìyá ọmọ, ọsibítù ni." Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀: "Ìwé ní ojú rẹ̀ á funfun. Tiwa kì í funfun. Fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, wo inú rẹ̀, wo ahọ́n." Fún ọmọ tí èémí rẹ̀ ń há: "Wo inú ẹnu, má wo ètè." Àwọn tó kù wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí.

Ṣùgbọ́n ó ju igba lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé ó ju igba lọ. Bí mo bá ti fẹ́ mú ọ̀kan, á yọ́ lọ. Ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má kọ ohun tí Màmá kò sọ. Ẹ jẹ́ kó di oṣù Kínní. Mo fẹ́ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ìwádìí tó wà nílẹ̀, kí n wá ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, kí n tó fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.

Orúkọ ta ni ká tilẹ̀ fi sí i?

Àbúrò yín,
Adémidé.


Òkè-Àfà,
Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Adémidé, àbúrò mi,

Mo gba mọ́kànlá rẹ. Mo ti tẹ̀ ẹ́, ó ti wà lára ògiri yàrá ìgbẹ̀bí. Morọ́lá ti há a sórí. Ó máa ń kà á bí àdúrà kó tó fọwọ́ kan ọmọ.

Mo ṣàìsàn ìbínú sí ọ fún oṣù kan. Ó ti rẹ̀ mí. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá fún ọ.

Sàfúrátù wá. Mi ò ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun ń kọjá lọ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti Èjìgbò bọ̀ kì í gba ilé wa kọjá lọ síbì kankan. Ó pọn Tiwaladé sẹ́yìn. Ọmọ náà ti sanra, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Ó ní bàbá rẹ̀ ṣì máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, á fi òòlù lu pákó, á máa wò ó bóyá á yíjú. Ojoojúmọ́ ni. Ó ní, "Mo ní kó dẹ́kun rẹ̀. Ó ní pákó lòun ń kàn."

Màmá wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ̀ mí láti àárọ̀. Bó ṣe rí ọmọ, ó na ọwọ́. Sàfúrátù wo ojú mi. Ó tú u sílẹ̀, ó gbé e fún un.

Adémidé, ọwọ́ Màmá kò gbàgbé nǹkan kan. Ó yí ọmọ síbi ìmọ́lẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Ó ṣí ẹnu rẹ̀, ó wo èrìgì. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé aṣọ rẹ̀ sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀ títí. Ó wo Sàfúrátù, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ ò fi káńfọ̀ sáṣọ ọmọ yìí, àbí?"

Sàfúrátù ní, "Rárá, Màmá. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ dànù."

Màmá ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ ò mọ ohun tí ẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Sàfúrátù kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ọmọ, ó pọ̀n ọ́n, ó lọ. Mo sìn ín dé ẹnu títì, ó wọ kẹ̀kẹ́.

Láti ìgbà yẹn Màmá ò tíì sọ gbólóhùn tó já geere.

Torí náà má sọ oṣù Kínní fún mi. O mọ bí mo ṣe sáré, o mọ ohun tó dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí kì í ṣe sùúrù. Ẹ̀rù ni. Ohun tí o rántí lónìí, o lè má rántí rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti ń wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, lójoojúmọ́, lórí àga ẹnu ọ̀nà.

O ní ọ̀jọ̀gbọ́n méjì. Ó dáa. Mo ti bá dókítà tó bi Sàfúrátù ní ìbéèrè káńfọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní òun á ka gbogbo rẹ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́, òun á sì fagi lé èyí tó bá ṣìnà. Ó ti gba ọjọ́ tí mo dá fún un. Mi ò bi í pé irú ènìyàn wo ni. Mo bi í pé, "Irú àwọn ọmọ wo lẹ ti ń wò láti ọjọ́ yìí?" Ó ní, "Irú ti Tiwaladé." Ó tó mi. Àwọ̀ kì í ṣe nǹkan lásán, Adémidé, òótọ́ lo sọ. Ìwọ dúró síbi orúkọ òǹkọ̀wé ni. Èmi náà kò kọjá ibẹ̀, mo kàn ń ka orúkọ kí wọ́n lè kó ìwé sápò.

O bi mí orúkọ tí a máa fi sí i. Tíṣà rẹ bi ọ́ nígbà kan níbo ni wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ jáde. Òkè-Àfà ni. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́ṣẹ̀yìndé Ọláyanjú ló sọ ọ́. Kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé bẹ́ẹ̀. Ìwọ ló kọ ọ́ sílẹ̀, kọ ìyẹn náà sí i, ní kékeré.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Jókòó. Má wá gírámà. Ọ̀rọ̀ kan fún ìlà kan, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ àti èébú rẹ̀. Èyí tí kò bá dá ọ lójú, fàlà sí i nídìí. Bí kò bá pé igba, fi ohun tó bá pé ránṣẹ́.

Mo fẹ́ ẹ ní ọwọ́ mi ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí, kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Nàìjíríà tó lù. Kíláàsì tuntun ń wọlé ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá. Ọmọbìnrin méjìlá ni. Kò sí èyí tó máa fọwọ́ kan ọmọ kó tó kà á.

Mi ò ní fi ọjọ́ kan kún un.

Oyinkán.